Àyà títa lẹ́yìn oúnjẹ: kí la máa sọ fún dókítà?

Ọmọ Ìkéré: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ní àyà ń ta àwọn bí iná tí wọ́n bá jẹ iyán alẹ́, omi kíkan sì ń gòkè wá sọ́fun wọn lóru. Àwọn ará ilé ní ọgbẹ́ inú ni, ni wọ́n bá ń lá kánhún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé wọn lọ sí ọsibítù l'Ádó. Kí la máa sọ?

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ẹ má wí pé "ọgbẹ́ inú ni". Ohun tó ń ṣe wọ́n ni kí ẹ rò. Ṣé ìgbà tí ebi ń pa wọ́n ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ? Ṣé ó ń le tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tàbí tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ikọ́ òru ńkọ́, ohùn tó ń ha láàárọ̀ ńkọ́? Iṣan tó ń pa ẹnu àpò oúnjẹ dé ló máa ń dẹ̀, tí omi kíkan fi ń gòkè.

Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan àgbo. Diclofenac tí àwọn àgbà máa ń lò sí orúnkún tó ń ro wọ́n lè dá egbò sínú. Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú iṣan yẹn dẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má fúnra wọn dá a dúró o! Kánhún yẹn ńkọ́? Sodium pọ̀ nínú rẹ̀, kò bá ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga mu.

Apòògùn Adó: Tí wọ́n bá kọ omeprazole 20 mg (oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù) fún wọn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni kí wọ́n gbé e mì, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ọ̀pọ̀ ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́: àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún H. pylori, kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú, lè purọ́ tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n dá a dúró.

Ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè, 15 sí 20 cm. Ìrọ̀rí tí a tò jọ ń ká ikùn pọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ẹ má dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí oúnjẹ bá ń há wọn lọ́fun, tí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà (oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ìyẹn iron, náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ sọ tí wọ́n bá ń lò ó). Tí àyà bá ń fún wọn, tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, ọkàn lè ni. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀!

Ọmọ Ìkéré: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí wọ́n fi iyán sílẹ̀ ni?

Apòògùn Adó: Ta ló fẹ́ gba iyán lọ́wọ́ ará Èkìtì? Kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kó kéré, kí ata àti epo ọbẹ̀ dínkù. Tó bá di alẹ́, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì tó wákàtí 3 kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.