Ṣé iyọ̀ ló ń fa àmì ara ọmọ mi àfín ni?

Ìyá ọmọ, Ṣakí:
Ẹ kú ìjókòó o. Àfín ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7. Láti ìgbà tó ti wọ iléèwé, tí wọ́n ti ń tò sí pápá láàárọ̀, ni àmì ti ń yọ sí imú àti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, tí ètè rẹ̀ sì ń là. Ìyá ọkọ mi ní iyọ̀ ló fà á, nítorí àfín kì í jẹ iyọ̀. A ti yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀, òrí ni mo sì ń fi pa á lára, ṣùgbọ́n àmì náà kò dín.

Àfín bíi tirẹ̀, Ìbàdàn:
Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọmọ náà. Oòrùn ni. Melanin, èròjà tó ń mú ara dúdú, tó sì ń gbèjà awọ lọ́wọ́ oòrùn, ni kò tó lára àwa àfín. Ọbẹ̀ tó tẹ́ ni èmi náà jẹ dàgbà, síbẹ̀ àmì dúdú kún ẹ̀yìn ọrùn mi, níbi tí kọ́là aṣọ iléèwé kò bò. Abẹ́ apá mi, tí oòrùn kì í rí, kò ní ẹyọ kan títí dòní.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òrí yóò tu ètè náà lára, ṣùgbọ́n kò lè dá oòrùn dúró. Ẹ ra ìpara tí ń dènà oòrùn, èyí tí a kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ fi pa á dé etí àti ẹ̀yìn ọwọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kó tó jáde, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, ìbáà jẹ́ pé ojú ọjọ́ ṣú. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyí tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ jù: ẹ na aṣọ tó fẹ́ wọ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá là á kọjá, oòrùn náà yóò là á kọjá. Akẹtẹ̀ ni kó máa dé, nítorí fìlà tó ní etí níwájú nìkan kò bo ọrùn. Bí egbò kan bá wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò jiná, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, torí jẹjẹrẹ awọ ṣeé wò bí a bá tètè rí i.

Ìyá ọmọ, Ṣakí:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé apá rẹ̀ sókè lálẹ́ yìí, mi ò rí àmì kankan níbẹ̀, mo sì pe ìyá ọkọ mi wá wò ó. Lọ́la, n óò lọ bẹ ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n jẹ́ kó máa dúró lábẹ́ òjìji tí wọ́n bá ń tò.