Dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì ti 40k, ti 95k àti ti 280k: èwo ni kí n gbé?

ỌmọÌgbógbó:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń so mọ́ amplifáyà nínú ilé, kì í ṣe rédíò alágbèéká o. Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ fi ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi kún àpótí kan bámúbámú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, wáàsí, àti àwọn àgbà tó ń lu sákárà ládùúgbò wa ní Ìgbógbó láyé ọjọ́un, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó tó bàjẹ́ tán. Àwọn bàbá tó kù nínú ẹgbẹ́ yẹn sì ṣì máa ń kóra jọ nírọ̀lẹ́ Sunday, mo fẹ́ máa rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì ni kí n máa fi fún àwọn torí òun ni rédíò àwọn ń gbà, ẹ má bá àwọn sọ̀rọ̀ fláàṣì.

Mo dé Alábà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé mẹ́ta kalẹ̀ fún mi, tòkunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Dọ́bùlù kásẹ́ẹ̀tì kan, 40k. Onílé kan, ìyẹn tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tó ní Dolby B àti C (ohun tó ń dín ariwo ṣṣṣ orí téèpù kù), 95k. Ẹ̀kẹta, ó ní hẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ó wúwo gan-an, 280k, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dúnàá dúrà. Ṣé ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn lóòótọ́ àbí ojú mi ló rí tó fi ń pe owó?

TẹkníṣànSábó:
Ìyàtọ̀ wà dáadáa. Hẹ́ẹ̀dì ni irin kékeré tí téèpù ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. Dẹ́ẹ̀kì oníhẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan ń pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́, èkejì ló ń rẹ́kọ́ọ̀dù, òun náà ló tún ń pléè. Àlàfo tín-ín-rín kan wà lójú hẹ́ẹ̀dì yẹn, tó bá ń rẹ́kọ́ọ̀dù ó dáa kí àlàfo yẹn fẹ̀ díẹ̀, tó bá ń pléè ó dáa kó há, torí náà hẹ́ẹ̀dì kan tó fẹ́ ṣe méjèèjì, àárín méjì ni wọ́n máa ṣe é sí. Oníhẹ́ẹ̀dì mẹ́ta pín iṣẹ́ yẹn, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀. Ohun tí mo tún fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé bó o ṣe ń rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ lo máa fi etí ara ẹ gbọ́ nǹkan tó ti wọ orí téèpù, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Source/Tape sí, o tẹ̀ ẹ́ síbí, o tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, tí ohùn méjèèjì bá jọra, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Nakamichi, ilé iṣẹ́ Japan kan, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì ní 1973, ìyẹn Nakamichi 1000, nígbà tó sì di 1982 wọ́n gbé Dragon jáde, ìyẹn ń tún igun hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀ bí téèpù ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ ni ìyẹn jàre.

Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ, wọ́n ti rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ tipẹ́. Pípléè nìkan ló kù. Hẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ò lè fi ohun tí kò sí lórí téèpù síbẹ̀, torí náà fún àpótí yẹn, ti 95k tó, ìyẹn tí inú ẹ̀ bá dáa o. Téèpù yẹn kì í sáré, 4.76 sẹ̀ǹtímítà ló ń lọ láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, tí mọ́tò bá ṣe ségesège báyìí, etí á gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì tó ń wọlé wá bá mi níbí, bẹ́líìtì inú ẹ̀ ti yọ́ di ọ̀dà dúdú, á lẹ̀ mọ́ fulì, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, spíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín ni mo fi máa ń họ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ kí n tó fi tuntun sí i. Rólà rọ́bà kékeré tó ń tẹ téèpù mọ́ irin náà, fọwọ́ kàn án, tó bá ń dán tó sì ti le, téèpù á máa yọ̀ níbẹ̀, ohùn olórin á máa lọ́ bí ẹni tó mutí yó. 280k tí rólà ẹ̀ ti le, mo gba 95k tí wọ́n ti tún ṣe níwájú ẹ̀.

Dọ́bùlù yẹn, fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń rẹ́kọ́ọ̀dù, èkejì ń pléè lásán. Tó bá tún jẹ́ èyí tó ń yí ojú ẹ̀ padà fúnra ẹ̀, hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló ń yí bírí nínú yẹn, tó bá pẹ́ kì í dúró síbi tó yẹ kó dúró sí mọ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò kó o tó fi síná! Tí wọ́n bá kọ 100V, ti Japan ni, 120V ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe iná tiwa. Bó o bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí ó ti jó. Step-down tó ń já iná wálẹ̀ ni wàá ra kún un.

ÌyáÌbejìẸ̀pẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Sábó ti sọ ọ́. Èmi náà ń kó wáàsí bàbá mi sórí kọ̀ǹpútà, Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo wà, dẹ́ẹ̀kì oníhẹ́ẹ̀dì méjì ni mo fi ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ tó ní ohùn ò dáa.

Àbúrò, nǹkan tó máa yí ohùn kásẹ́ẹ̀tì ẹ padà ju owó dẹ́ẹ̀kì lọ ni sukúrúù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́ẹ̀dì, òun ló ń mú igun ẹ̀ dúró. Rédíò tí wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù níbi ìkómọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbé lọ síbi wáàsí, igun hẹ́ẹ̀dì kálukú sì yàtọ̀, tó o bá ń pléè ẹ̀ lórí ẹ̀rọ míì ohùn á dà bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Fi báírò sàmì síbi tí sukúrúù yẹn wà, so ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ di mono, wá máa yí i díẹ̀ díẹ̀ gan-an, á débì kan tí "s" àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á kàn là jáde fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o dúró sí. Kásẹ́ẹ̀tì míì tún dé, o tún un yí. Mo mọ̀ pé ó ń sú èèyàn o.

Dolby tí wọ́n fi ń pe owó lé e yẹn, èyí tí wọ́n fi rédíò rẹ́kọ́ọ̀dù níbi ìnáwó, ó ṣòro kí Dolby wà lára ẹ̀, torí náà pa á. Tó o bá tan Dolby sí kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní in, kì í ṣe ariwo ṣṣṣ nìkan ló máa gbé lọ, á gbé ohùn tín-ín-rín lọ mọ́ ọn.

Èyí tó bá ti bu, tó ní nǹkan funfun létí téèpù (afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ níbí), má kì í bọ dẹ́ẹ̀kì láìtíì nù ún, á kó ran hẹ́ẹ̀dì, hẹ́ẹ̀dì á kó o ran èyí tó kù. C120 náà, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí méjì, rọra ṣe é, téèpù ẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀, ẹ̀rọ a máa jẹ ẹ́.

ÀgbádárìgìSound:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ pípléè, ẹ ò bi í léèrè bó ṣe fẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá yẹn. Ọ̀gá, wo iwájú dẹ́ẹ̀kì 280k yẹn, ṣé ihò máìkì wà lára ẹ̀? Ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì inú ilé ni kò ní, Line In (ihò tí ohùn ń gbà wọlé láti ara ẹ̀rọ míì) nìkan ló wà lẹ́yìn, ìyẹn ni pé wàá tún ra míksà kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn bàbá ti wọra, orin ti ń dùn, NEPA wá mú iná lọ, téèpù dúró, ṣé wàá ní kí wọ́n tún un kọ ni? Jẹnẹrétọ̀ náà rèé, ariwo ẹ̀ á wọ máìkì.

Ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré tó ń lo bátìrì àti káàdì, fi í síwájú wọn, WAV ni kó o yàn, má yan MP3 tó ń gé lára ohùn. Tó o bá délé kó o wá dà á látorí kọ̀ǹpútà sínú kásẹ́ẹ̀tì bó ṣe wù ẹ́, tí kásẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá já o tún òmíràn dà fún un. Èmi ò tiẹ̀ rídìí tí èèyàn fi ń lo owó ńlá lórí téèpù lásìkò yìí ṣá.

ỌmọÌgbógbó:
Kò sí ihò máìkì lára ẹ̀ o! Ti 95k ló ní in, méjì, L àti R. Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kò wá yẹ kí n dúró ra tuntun? Mo rí i pé TASCAM àti TEAC ṣì ń ṣe dẹ́ẹ̀kì.

TẹkníṣànSábó:
TASCAM 202MKVII àti TEAC W-1200 lò ń sọ. Onílé méjì ni méjèèjì, wọ́n ní USB tó ń lọ tààrà sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn dáa fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, bẹ́líìtì ẹ̀ náà ṣì tuntun. Àmọ́ má retí pé inú ẹ̀ máa tó ti àwọn tó lówó lórí láyé ìgbà yẹn, kò sí hẹ́ẹ̀dì mẹ́ta níbẹ̀. Wo owó ẹ̀ kó o tó pinnu.

Ọ̀rọ̀ ará Àgbádárìgì, mo fara mọ́ bátìrì yẹn, NEPA ò mọ sákárà. Níbi tí mi ò ti gbà ni pé hẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ò wúlò mọ́. Ẹni tó bá ń da kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀, tí òfìfo tó ń rí rà kì í jọra, lónìí ti ilé iṣẹ́ yìí, lọ́la ti òmíràn, ó nílò ẹ̀rọ tó lè tún bias (iná tí ẹ̀rọ ń fi kún ohùn tó bá ń rẹ́kọ́ọ̀dù) ṣe fún téèpù kọ̀ọ̀kan kó sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn bàbá mélòó kan tó fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn ní rédíò, ìyẹn ò tó bẹ́ẹ̀. Type I, ìyẹn téèpù lásán tí gbogbo rédíò ń gbà, ni kó o máa ra, òun náà ló pọ̀ jù nínú tuntun.

Padà lọ gbé ti 95k, kò gbọdọ̀ gbà ju 80k lọ tí kò bá tíì pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan dání pẹ̀lú íápíìsì, kó o rẹ́kọ́ọ̀dù nǹkan níbẹ̀, orin tí ohùn gígùn kan wà nínú ẹ̀ tí kì í tètè já ló dáa jù, ìyẹn ló ń tú àṣírí mọ́tò. Gbọ́ ọ̀tún, gbọ́ òsì. Sáré ẹ̀ dé òpin, dá a padà dé ìbẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tí téèpù bá kún ẹ̀gbẹ́ kan ni àìsàn ẹ̀ ń hàn. Tó bá ní kó o má rẹ́kọ́ọ̀dù, pípléè nìkan ni kó o dán wò, máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.