Kí ni aṣojú ẹgbẹ́ kékeré ń ṣe níbi àtúndì ìbò?

Ọmọ Ìpónrí: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí. Irú Sùúrùlérè Kìíní ní oṣù Kejì 2024, tí wọ́n dìbò láti fi ẹlòmíì dí àga aṣòfin tó ṣófo, tí gbogbo ayé ti mọ ẹgbẹ́ tó máa wọlé, kí ni aṣojú ẹgbẹ́ kékeré ń wá níbẹ̀ gan-an?

Alàgbà Wọ́ọ̀dù: Fọ́ọ̀mù EC8A, tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí, ló ń wá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kọ nọ́ńbà ara fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀. Ní kí wọ́n fi ojú BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, hàn ọ́: òdo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti wà lórí ìlà gbọ́dọ̀ dìbò. Tí wọ́n bá kà á tán, ìbò tí wọ́n dì ò gbọdọ̀ ju iye èèyàn tí BVAS yẹ̀ wò. Tó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo jù ú, òfin ìdìbò ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó yẹn. Má sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù òfìfo láéláé, ẹni yòówù kó máa bẹ̀ ọ́.

Sísí Bode Thomas: 😂😂 Ọmọ béèrè omi, ẹ da odò lù ú.

Bàbá Lawanson: Fagi lé e kẹ̀? Ta ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀ níbẹ̀?

Alàgbà Wọ́ọ̀dù: Ẹ̀gbọ́n, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń jà á, ìwé ni. Kó gba ẹ̀dà tiẹ̀, kó ya fọ́tò EC60E, ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibùdó. Tí iye tó wà nínú EC8B ti wọ́ọ̀dù bá ti yàtọ̀, ohun tó máa gbé lọ sílé ẹjọ́ nìyẹn.

Táyé BVAS: Ẹ fi kún un pé tí ẹ̀rọ ò bá mú ìka, wọ́n á yí i sójú. Ìka mẹkáníìkì àti alágbàfọ̀ ti fá, ó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tí ojú náà bá kọ̀, kò lè dìbò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹni náà bọ́ sábẹ́ ìbòji ná, oòrùn ẹ̀yìn ló ń da kámẹ́rà rú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́wọ́ o! Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé fọ́tò EC8A lọ sórí IReV, ojúlé èsì INEC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n tó nílò ẹ̀.

Sísí Bode Thomas: Ta ló tiẹ̀ ń jáde? Bọ́ọ̀lù làwọn ọmọ àdúgbò ń gbá lójú títì.

Ìyá Ìbejì Kétu: Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Àtúndì ìbò sẹ́nétọ̀ Ìlà Oòrùn Èkó, oṣù Kejìlá 2020, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún: Abiru ti APC ní ìbò 89,204, Gbadamosi ti PDP ní 11,257. Ẹ pa á pọ̀, ẹ wá sọ fún mi bóyá ó tó àwọn tó ń gbé Ìkòròdú nìkan.

Bàbá Lawanson: Ìdìbò abẹ́lé ni ìdìbò, ìyá. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti fà kalẹ̀ ti wọlé. Orúkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò, àmì ẹgbẹ́ nìkan ni.

Ìyá Ìbejì Kétu: Ká wá jókòó sílé nítorí ìyẹn?

Bàbá Lawanson: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìpónrí: Ẹ dákun, ṣé òfin ò ní kí wọ́n dìbò láàárín oṣù kan tí àga bá ti ṣófo ni? Gbajabiamila, aṣòfin Sùúrùlérè Kìíní, kúrò ní oṣù Kẹfà 2023, oṣù Kejì 2024 la dìbò.

Alàgbà Wọ́ọ̀dù: Oṣù kan ni lóòótọ́, abala 76 ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Àmọ́ INEC á ní àwọn ń retí kí Ilé Aṣòfin kéde pé àga ti ṣófo. Àríwá Ìbàdàn ńkọ́? Akinremi, aṣòfin wọn, kú ní oṣù Keje 2024, oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n dìbò.

Sísí Bode Thomas: Àwọn ará Ìbàdàn ti ṣe ọdún olóògbé tán 🙆🏽‍♀️

Táyé BVAS: Ọmọ Ìpónrí, kí ẹgbẹ́ yín ti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí INEC ṣáájú o, láìsí táàgì lọ́rùn, wọ́n á lé ọ. Gbé omi àti búrẹ́dì tìrẹ dání.