Ìmọ̀ àwùjọ, tiọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn: èwo ni kí ó ṣáájú?

Ẹ̀yin onímọ̀, mo kí yín láti ìlú Oǹdó, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ Bíbélì. Ìwádìí tí mo ń ṣe fún oyè kejì bẹ̀rẹ̀ láti ara ìbéèrè tí ọmọ kan fi bírò kọ sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀: bàbá rẹ̀ àgbà, tó jẹ́ alàgbà ìjọ, máa ń bá mọ̀lẹ́bí jókòó nígbà ọdún Ògún, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Durkheim, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ ní 1912 pé ẹ̀sìn a máa so àwọn ènìyàn pọ̀ di àwùjọ kan. Èyí tan ìmọ́lẹ̀ sí ìjókòó bàbá náà, ṣùgbọ́n kò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ti tiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa Ọlọ́run àti ìgbàgbọ́, nìyẹn. Nínú ìwé ìwádìí mi, mo kọ́kọ́ ya ìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà dá a padà pé wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi ìmọ̀ àwùjọ nìkan ṣe òpó, ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn wá di ohun tí à ń kà bí ẹni ka ọjà, ó sì dùn mí.

Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí ó ṣáájú, báwo ni mo sì ṣe lè fi tiọ́lọ́jì yẹ ohun tí àwọn ọmọ sọ wò láìsọ kíláàsì di ibi ìwàásù?