Rwenzori: ṣé òkè kan ni àbí òkè púpọ̀?

Àkànbí_Ṣakí: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi tó ń gbé ní Kampala ló ní kí n wá ní oṣù Keje ká jọ gun Rwenzori, mo wá ń kà nípa ẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì rú mi lójú. Ibì kan ní Margherita ló ga jù, ibòmíì ní Mount Stanley, ẹnìkan tún ní Mount Baker. Èwo ni ká gbà? Ṣé òkè kan ṣoṣo ni bíi Kilimanjaro? Àti pé ṣé lóòótọ́ ni yìnyín wà níbẹ̀, ní Uganda tí oòrùn ń ràn gan-an yìí?

ÌyáÌbejì_Entebbe: Bọ̀dá Àkànbí, kì í ṣe òkè kan o. Rwenzori lorúkọ gbogbo wọn pọ̀, wọ́n tò lọ bíi 120 kìlómítà lórí ààlà Uganda àti Congo, òkè ńlá mẹ́fà ló sì wà níbẹ̀: Stanley, Speke, Baker, Emin, Gessi àti Luigi di Savoia, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ṣóńṣó tiẹ̀, òmíì ju ẹyọ kan lọ. Orí Stanley ni Margherita wà, 5,109 mítà, Alexandra sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 5,091. Ẹni tó ní Margherita àti ẹni tó ní Stanley, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ní Baker ló ṣì í, 4,844 ni tiẹ̀, Speke gan-an ga jù ú lọ. Kilimanjaro àti Mount Kenya nìkan ló ga ju Rwenzori lọ ní gbogbo Áfíríkà, ṣùgbọ́n ayọnáyèéfín làwọn yẹn, Rwenzori ò rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló là níbẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Rift Valley, àpáta àtijọ́ tó wà láàárín wá ń ru sókè díẹ̀díẹ̀.

Ẹsẹ̀Òkè: Mo ti gùn ún, yìnyín wà dáadáa. Béèyàn bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, kò kan pé ìlà agbedeméjì ayé kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an, torí ó ti ń tán. Nígbà táwọn Duke of Abruzzi, ọmọ ọba Ítálì kan, gùn ún ní 1906, orí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yìnyín wà, ìgbà tó máa fi di nǹkan bíi 2005 ó ku mẹ́ta, ìyẹn Stanley, Speke àti Baker. Bí mo ṣe dúró lórí ẹ̀ láàárọ̀ mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bíi ìgbà téèyàn gbàgbé ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Bakonzo, ìyẹn àwọn ará ẹsẹ̀ òkè náà, tó mú wa gòkè na ọwọ́ sí àpáta dúdú kan, ó ní funfun lòun mọ̀ ọ́n sí nígbà tóun wà lọ́mọdé, kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Oṣù Keje dáa, òjò máa ń dín kù nígbà yẹn àmọ́ kì í dá tán. Ẹ má gbé bàtà olówó ńlá lọ o! Bàtà ròbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ oko lásìkò òjò, torí ẹrẹ̀ tó wà ní àbàtà Bigo lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé báyìí ó dorúnkún.

Àkànbí_Ṣakí: Ẹ ṣé gan-an, ó ti yé mi. Mo ti ní kí àbúrò mi bá mi wá bàtà ròbà, nọ́ńbà 45 sì nira láti rí.

ÌyáÌbejì_Entebbe: Ẹ wá a ní Kasese, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ibẹ̀ làwọn tó ń gòkè ti ń rà á.