Ẹ̀wà mi kọ̀, kò rọ̀. Sọ́séèjì mi sì bẹ́. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ebi-Alẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ìdáná. Òjò rọ̀ lánàá, ara mi ń fẹ́ nǹkan gbígbóná tó nípọn, ni mo bá ní kí n se ẹ̀wà funfun pọ̀ mọ́ sọ́séèjì. Mo ti rẹ ẹ̀wà náà sómi mọ́jú. Nígbà tó di ọ̀sán, mo da ẹ̀wà, tòmátò agolo 2, àlùbọ́sà àti sọ́séèjì 6 sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, mo dé e, mo lọ jókòó. Wákàtí 3! Síbẹ̀ ẹ̀wà ń dún kàkà lábẹ́ eyín. Sọ́séèjì ti bẹ́ láàárín, inú rẹ̀ gbẹ bí igi, gbogbo ọ̀rá rẹ̀ léfòó sójú ọbẹ̀. Búrẹ́dì ni mo jẹ sùn. Ṣé ẹ̀wà náà ló ti pẹ́ jù nílẹ̀ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sè?

Màmá Ìdáná:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ a máa ṣagídí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tòmátò ni mo fura sí. Ohun kan wà nínú hóró ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní pectin, òun ló dì í mú. Omi gbígbóná ló ń yọ́ ọ, kíkan inú tòmátò kì í sì í jẹ́ kó yọ́ bọ̀rọ̀. Omi lásán ni kí o fi se ẹ̀wà títí tí o bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ tí yóò fọ́, kí tòmátò tó wọlé. Ti iyọ̀ yàtọ̀ o. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ lásán. Èmi a máa bu ṣíbí kan sínú omi tí mo fi rẹ ẹ́, awọ rẹ̀ á sì rọ̀ dáadáa.

Bàbá Páànù:
Màmá ti sọ ti ẹ̀wà tán. Ní ti sọ́séèjì, kọ́kọ́ dín in lórí iná tí kò le, kí o máa yí i títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi pọ́n, kí o wá yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má da ọ̀rá inú páànù nù! Òun ni kí o fi dín àlùbọ́sà àti aáyù. Bu omi ẹ̀wà díẹ̀ lé e, fi ṣíbí igi ha ìdí páànù. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ yẹn gan-an ni adùn. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí o sọ iná kalẹ̀ ni kí sọ́séèjì padà wọlé. Tó bá jẹ́ tútù lo rà á, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 71°C. Má sì jẹ́ kí ìkòkò máa hó kùtùkùtù mọ́, ìyẹn ló bẹ́ tìrẹ.

Ọ̀rọ̀-Ò-Pọ̀:
Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀wà pupa tó rí bíi kíndìnrín, májèlé wà nínú rẹ̀ tí kò bá jinná. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi yẹn nù, kó sì hó gidi fún ìṣẹ́jú 30. Ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lè má gbóná tó. Ti inú agolo ti jinná, kò ní wàhálà.

Ebi-Alẹ́:
Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, sà. Mo tún un sè lónìí, inú àpò ẹ̀wà kan náà ni mo ti bù ú o! Ìṣẹ́jú 70 péré, ó rọ̀. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ pa mọ́ ara ìkòkò, ọbẹ̀ sì ki. Àṣìṣe mi kan ni pé mo fi iyọ̀ sí i kí n tó tọ́ sọ́séèjì wò, iyọ̀ sì ti kún inú òun náà. Mo fi omi là á, mo sì jẹ àwo 2. Ìyókù wà nínú fìríìjì. Mo ti dìde lọ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.