Géèmù tí a fi owó ara wa rà, tí kì í ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Wàńdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti agbègbè wọn. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé kò yọ ọ̀pọ̀ nínú yín sílẹ̀. Géèmù tí èèyàn ń dá ta nínú yàrá rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje, kí ló dé tí kò ní ṣí àfi bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà?

Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ra díìsìkì géèmù eré mọ́tò kan bọ̀ láti Kùtọnù. Owó tí mo rí nídìí iṣẹ́ alumíníọ̀mù ni mo kó jọ fún un. Mo ki díìsìkì bọ ẹ̀rọ géèmù PS4, ó ní òun máa kọ́kọ́ gba àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo rí iye gígà tó ń bèèrè, àyà mi já: forfait (dátà) tí mo ń rà fún odidi oṣù kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á díẹ̀díẹ̀ lóru. Mo fi fóònù ṣe Wi-Fi, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí rẹ́sò (nẹ́tíwọ̀kì) ti ń wọlé dáadáa. Bí iná bá lọ, ó di ìgbà tó bá tún dé. Nígbà tó parí, mo fi í ṣeré, mo sì gbádùn rẹ̀ gidi: ìró ẹ́ńjìnì, bí òjò ṣe ń rọ̀ sára gíláàsì mọ́tò, bí ọ̀nà ṣe ń yọ̀. Àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́, rẹ́sò kò sí ní gbogbo àdúgbò wa. Mo tan PS4, géèmù ní òun kò rí sáfà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù, tí géèmù tiwa gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ kó tó gbà fún wa. Gbogbo mọ́tò tí mo ti fi eré jẹ wà níbẹ̀, n kò lè fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ra ilé, tí ẹni tó tà á fún un sì mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ sí ìlú òyìnbó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ á ní torí àwọn tó ń lo ayédèrú géèmù ni. Mo gbà pé olè wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti já ìdè tí wọ́n fi de géèmù náà kì í kan sáfà kankan, ó ń fi tiẹ̀ ṣeré lọ wẹ́rẹ́. Èmi tí mo sanwó ni wọ́n dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Ubisoft, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, mú irú òfin yìí wá fún Assassin's Creed II lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kọ lu sáfà wọn, àwọn tó rà á lọ́nà ẹ̀tọ́ kò sì lè fi í ṣeré.

SimCity ni mo tún fẹ́ kí ẹ rántí, géèmù tí èèyàn fi ń kọ́ ìlú tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ EA gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 2013, íntánẹ́ẹ̀tì sì di dandan nígbà gbogbo. Sáfà kò gba èrò. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí ilé ìtajà Amazon fi dá títà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró fúngbà díẹ̀. Maxis, àwọn tó ṣe é, ní ìṣirò ìlú náà pọ̀, pé sáfà ni ó ń bá kọ̀ǹpútà wa ṣe lára rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n fi àtúnṣe kan síta, èèyàn sì lè dá a ta láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ní kò rọrùn láti ṣe, wọ́n ṣe é. Bákan náà ni Diablo III tó jáde lọ́jọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2012: àmì àṣìṣe «Error 37» ni ọ̀pọ̀ èèyàn rí dípò géèmù, títí kan ẹni tó fẹ́ dá ta. Ẹ̀dà ti kọ́ńsóòlù (ẹ̀rọ géèmù bíi PlayStation) tó tẹ̀ lé e ní 2013 ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ẹ wá sọ tiyín.

Ará Ìdẹ́nà (Kétu)

Àbúrò, o kú àlàyé. Mo ní ilé géèmù kékeré kan níbí ní Kétu, àwọn ọmọ máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n ń san owó ìdíje kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ohun tí ò ń sọ yìí, oúnjẹ ọmọ mi ló kàn.

Bí wọ́n bá mú díìsìkì tuntun wá bá mi, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé ṣé ó ń ṣí láìsí rẹ́sò. Ẹni tó ń ta díìsìkì kò ní mọ̀, ara páálí rẹ̀ ni mo máa ń wò. Wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tínínrín. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé páálí lásán ni èèyàn rà: díìsìkì Call of Duty: Modern Warfare II ti ọdún 2022 fún PS5, mégà bíi 70 péré ló wà lórí rẹ̀, ìyókù di orí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ìyẹn kò lè wọ ilé géèmù mi láé.

Géèmù bọ́ọ̀lù ń ṣí ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí n kò bá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, agbábọ́ọ̀lù tó ti lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn ṣì máa wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ariwo tí àwọn ọmọ ń pa lórí ìyẹn, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n! Kálukú ní kí n dá owó òun padà.

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já lẹ́bàá Kọ́tí Dífúà: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Benin wà lára àwọn tó kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fi gbogbo owó rẹ̀ ra géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀kùn. Èmi ń ṣiṣẹ́ lọ. N kò fi ọ̀ràn rẹ̀ yọ̀, torí ó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Àwọn tó ṣe géèmù náà ni kò ronú pé wáyà lè já.

Àbẹ̀kẹ́ Tọ̀kpọ́tà

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ o. Àbúrò mi wà ní Paris, orí géèmù la ti ń bára wa sọ̀rọ̀ jù. A jọ ń ta á, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Íntánẹ́ẹ̀tì ló so wá pọ̀, n kò lè bú u. Ti ẹni tó ń dá ṣeré ni mo bá yín bínú sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ̀ẹ́

Àǹtí, mo wà lẹ́yìn yín. Parakou ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń padà sílé lásìkò ìsinmi. Mo gba géèmù sórí kọ̀ǹpútà mi tán ní Parakou, mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá mi lẹ́yìn àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí rẹ́sò ti ń bọ̀ tó ń lọ, àpù tí mo ti rà á ní kí n wọlé padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà ni. Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí bí mo ṣe lè dá a lóhùn. Gbogbo ìsinmi náà, ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, mi ò rí i ṣí. Mo kọ̀wé sí wọn, èsì tí mo gbà ni pé kí n wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára.

Àwọn tí tiwọn dára pàápàá ń jìyà o. Microsoft Flight Simulator 2024, géèmù tí èèyàn fi ń wa bàálù, jáde lọ́jọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti bàálù inú rẹ̀ ló ń ti orí sáfà wá. Àwọn tó ṣe é sọ fúnra wọn pé èrò ayédèrú 200,000 ni àwọn fi dán an wò, èrò gidi tó dé sì pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yára dúró lórí ìlà bíi tiwa.

Ọmọ Wàńdó (Àjàṣẹ́)

Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Èyí tó kan àwa gan-an ni ti géèmù Helldivers 2. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sony ní kí àwọn tó ti rà á sórí kọ̀ǹpútà lọ ṣí àkáǹtì PlayStation Network, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 wà tí iṣẹ́ yẹn kò dé, Benin àti Nàìjíríà wà nínú wọn, ni Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, bá dá títà géèmù náà dúró níbẹ̀. Àwọn èèyàn fi ìbínú kọ̀wé káàkiri ayé, Sony sì fà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ariwo ń ṣiṣẹ́.

Ubisoft ti sáfà The Crew pa lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, géèmù eré mọ́tò tí wọ́n ti ń tà láti 2014. Ìyẹn ló mú Ross Scott, tó ń ṣe fídíò nípa géèmù, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games (ẹ yé pa géèmù), tí èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù ní 2025. Ubisoft náà ṣèlérí lọ́dún 2024 pé The Crew 2 àti Motorfest á máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tó wà níbí kò lè fọwọ́ sí ìwé Yúróòpù, ṣùgbọ́n a lè kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní Faransé, ká sọ iye tí gígà kan ń ná wa.

Ẹ̀gbọ́n Ará Ìdẹ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn géèmù tí ẹ ti dán wò tó ń ṣí pẹ̀lú díìsìkì nìkan. Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí kí wọ́n tó náwó.

Ará Ìdẹ́nà (Kétu)

Kò sí wàhálà. Màá wo àwọn díìsìkì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, màá yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò kí n tó dán wọn wò, kí n má bàa ṣi yín lọ́nà. Ẹni tó bá ní PS3 kó sọ, torí tiẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi.